Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Orúnkún Tó Wú Nítorí Ìkúnlẹ̀

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ẹ̀yin tí ẹ ń kúnlẹ̀ ṣa obì ní Ṣágámù, ìlú Ọba Akárìgbò, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kúnlẹ̀ tẹ́ táìlì ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ tẹ́tí.

Níwájú ọmọrí orúnkún ni Elédùmarè fi àpò pẹlẹbẹ kan sí, tí omi yíyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí awọ àti egungun má baà ha ara wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá kúnlẹ̀ pẹ́ jù lórí ilẹ̀ líle, àpò náà a bínú, omi rẹ̀ a pọ̀, orúnkún a sì wú rọ̀bọ̀tọ̀.

Ẹ dáwọ́ ìkúnlẹ̀ dúró ná, ẹ fi aṣọ wé yìnyín, ẹ gbé e lé orúnkún náà fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí ẹ bá sì padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi tìmùtìmù sábẹ́ orúnkún.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: bí orúnkún náà bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì dé, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò àrùn ti wọ̀ ọ́, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ tètè gba ilé ìwòsàn OOUTH ní Ṣágámù lọ, kí dókítà fa omi náà yẹ̀ wò, kí ó sì fún yín lóògùn tó yẹ.