Ìrẹsì Ọ̀fàdà: Kí ló dé tó fi wọ́n ju ti òkèèrè lọ, báwo lẹ sì ṣe lè rà á kí àgbẹ̀ náà lè jèrè?

Ẹ lọ sí ọjà Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta tàbí Bódìjà n'Íbàdàn, ẹ ó rí oríṣi ìrẹsì méjì nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan funfun báláú, ó gùn, òkúta kò sí nínú rẹ̀, orúkọ ìlú òkèèrè ló sì wà lára àpò rẹ̀. Ìkejì pupa rúsúrúsú, ó kúrú, òórùn rẹ̀ ti ń kí èèyàn kó tó débẹ̀. Ìyẹn ni Ọ̀fàdà. Tí ẹ bá béèrè iye tí kóńgò kọ̀ọ̀kan jẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí wọ́n gbìn nítòsí ló máa wọ́n ju èyí tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá.

Báwo ni ohun tí wọ́n gbìn lẹ́yìnkùlé ẹni ṣe máa wọ́n ju ohun tó la òkun kọjá? Ìbéèrè táwọn oníbàárà máa ń béèrè nìyẹn nídìí igbá ọlọ́jà. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ ló máa mọ̀ bóyá "ẹ jẹ́ ká máa jẹ ohun tá a gbìn" kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, tàbí ohun téèyàn lè ṣe tí yóò sì ṣe é láǹfààní.

Ìlú ló fún ìrẹsì yìí lórúkọ

Ọ̀fàdà jẹ́ ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwòdé, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ibẹ̀ ni ìrẹsì náà ti gba orúkọ, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń gbìn ín. Wọ́n ń gbìn ín káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ará Ìgbẹmọ-Èkìtì náà ní ìrẹsì tiwọn tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn.

Ọ̀pọ̀ rò pé irúgbìn nìkan ló fún Ọ̀fàdà ní òórùn rẹ̀. Púpọ̀ nínú òórùn yẹn wá látinú omi tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Kí wọ́n tó bó èèpo rẹ̀, wọ́n á rẹ ìrẹsì náà sómi fún ọjọ́ mélòó kan, á kan díẹ̀ bí ògì ṣe ń kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á bọ̀ ọ́, tí wọ́n á sì sá a sóòrùn. Àwọ̀ rẹ̀ náà nídìí. Wọn kì í bó o títí tó fi máa funfun, ìdí nìyẹn tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara rẹ̀ fi máa ń ṣẹ́kù. Inú awọ yẹn ni fítámì B àti ohun tó ń jẹ́ kí oúnjẹ rìn dáadáa nínú ikùn wà.

Iṣẹ́ tó wà nínú kóńgò kan

Ojú òjò ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ọ̀fàdà ń wò. Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ni púpọ̀ nínú wọn máa ń gbìn ín, ó sì máa ń tó oṣù mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin kó tó gbó. Tí òjò bá dá, kò sí omi míì. Ní ìpínlẹ̀ bíi Kebbi, àgbẹ̀ tó ní omi tó ń fà wọ oko lè gbin ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Lórí hẹ́kítà kan, tọ́ọ̀nù kan sí méjì ni oko olójò sábà máa ń mú jáde. Oko tó ní omi àti ajílẹ̀ tó pọ̀ tó lè mú ìlọ́po méjì ìyẹn wá.

Nígbà tí ìrẹsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọmọ, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà á dé. Láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lóko tó ń lé wọn, tòun ti kànnàkànnà lọ́wọ́. Ọ̀yà ń gé e nísàlẹ̀, ẹyẹ ń ṣa á lókè. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan sùn sílé lè débẹ̀ kó bá koríko gbígbẹ lásán.

Ó gbó tán, ó di gígé. Dòjé ni wọ́n sábà fi ń gé e, owó alágbàṣe sì ti kúrò ní kékeré. Wọ́n á lù ú, wọ́n á fẹ́ ẹ. Tí wọ́n bá lù ú tàbí tí wọ́n sá a lórí ilẹ̀ lásán, ibẹ̀ ni òkúta ti ń wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe irúgbìn ló ni ẹ̀bi òkúta tó ń ká èèyàn léyín. Ohun tó fà á ni pé àgbẹ̀ náà kò ní pèpéle sìmẹ́ńtì tàbí tàpólì tó máa tẹ́ sílẹ̀, tí ẹni tó bó o kò sì ní ẹ̀rọ tó ń yọ òkúta.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan ilé ẹ̀rọ. Nínú kílò 100 ìrẹsì tó ṣì wà nínú èèpo, nǹkan bíi kílò 60 sí 65 ló máa ń kù tí ẹ̀rọ bá bó o dáadáa. Tí ẹ̀rọ bá ti gbó, kò ní tó bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì ṣẹ́. Owó ọkọ̀ tún wà níwájú. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó táwọn awakọ̀ ń gbà lórí ẹrù ti fò sókè. Ẹ wá wo ọ̀nà oko tí mọ́tò ń rì sí lásìkò òjò.

Gbogbo èyí ló wà nínú kóńgò kan ṣoṣo.

Kí ló dé tí ti òkèèrè fi ń dínwó?

Ní India àti Thailand, ẹ̀rọ ló ń gé púpọ̀ nínú ìrẹsì, ọ̀pọ̀ oko ló ní omi, ìjọba ibẹ̀ sì ti ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti ọdún pípẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ ojú omi kan lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà, iye tó ń kan àpò kọ̀ọ̀kan kì í pọ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba Kùtọnu ní orílẹ̀-èdè Benin kọjá, àwọn onífàyàwọ́ á sì gba ọ̀nà inú igbó kó o wọlé láìsan owó ibodè.

Àmọ́ oúnjẹ tí kò wọ́n lónìí lè wọ́n lọ́la. India ló ń ta ìrẹsì sókè òkun jù lọ lágbàáyé. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ìjọba wọn fòfin de títa ọ̀pọ̀ ìrẹsì funfun sílẹ̀ òkèèrè kí ti ilé má bàa wọ́n. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n tó ṣí i. Láàárín ìgbà yẹn, owó ìrẹsì lọ sókè káàkiri ayé. Ní Nàìjíríà, ó ṣe kòńgẹ́ ìgbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn tí báńkì àpapọ̀ dẹ okùn rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ẹni tí gbogbo ìkòkò rẹ̀ gbójú lé oko ẹlòmíì kò ní ohun tó lè ṣe nígbà tí onítọ̀hún bá tilẹ̀kùn.

Òfin ń yí, àgbẹ̀ ń ṣírò

Ìjọba àpapọ̀ náà ti gbìyànjú oríṣiríṣi. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, báńkì àpapọ̀, CBN, ka ìrẹsì mọ́ àwọn ọjà 41 tí oníṣòwò kò lè gba dọ́là lọ́wọ́ báńkì láti kó wọlé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀yáwó fáwọn àgbẹ̀ ní Kebbi. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti ibodè ilẹ̀ pa, ó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, CBN gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin dọ́là yẹn. Nígbà tó sì di oṣù Keje ọdún 2024, tí ebi ń pariwo, ìjọba kéde pé wọ́n máa fàyè gba kíkó ìrẹsì tí wọn kò tíì bó funfun, àgbàdo, àlìkámà àti ẹ̀wà wọlé fún ọjọ́ 150 láìgba owó ibodè.

Kò sẹ́ni tó máa bínú pé owó oúnjẹ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà lójú àgbẹ̀. Ó ti ra irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn apakoríko lówó gọbọi. Ó ti san owó alágbàṣe. Tí ọjà bá wá já wálẹ̀ nígbà tí ìrẹsì rẹ̀ gbó, kò lè rí owó tó ná pa dà. Lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè gbin ìdajì, tàbí kó fi ilẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́, tàbí kó lọ wa ọ̀kadà. Nígbà náà, ìrẹsì ìtòsí á tún wọ́n sí i. Bó ṣe ń yí nìyẹn.

Ta ló wà láàárín oko àti ìkòkò?

Ọ̀pọ̀ ló ń bú àwọn alárobọ̀. Òótọ́ ni pé èrè wọn lè pọ̀. Òótọ́ sì ni pé àwọn ló ní owó lọ́wọ́, àwọn ló ń wá ọkọ̀, tí ẹrù bá sì bàjẹ́ lọ́nà, orí wọn ló ń dá lé. Ohun tó ń pa àgbẹ̀ lára jù ni àsìkò. Ìgbà tí gbogbo oko gbó lẹ́ẹ̀kan náà ni ọjà máa ń rọ̀ jù, ìgbà yẹn gan-an ló sì nílò owó ilé ìwé ọmọ àti gbèsè tó jẹ. Kò níbi tó máa kó o pa mọ́ sí, ó di dandan kó tà á ní iye tí wọ́n bá dá lé e.

Ẹ̀rọ ńlá nìkan kò lè yanjú ìyẹn. Ní oṣù Kínní ọdún 2023, wọ́n ṣí ilé ìbórẹsì Ìmọ́tà n'Ìkòròdú, Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó lè gba tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Tá a bá fi tọ́ọ̀nù méjì lórí hẹ́kítà kan ṣírò, ohun tó máa jẹ ní wákàtí kan jẹ́ ìkórè hẹ́kítà 16. Láìsí àgbẹ̀ tó ń gbìn lọ́pọ̀ yanturu, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á kàn máa wo òkè ni.

Ohun tí oníbàárà lè ṣe

Ẹ rà á lásìkò. Láti nǹkan bí ìparí oṣù Kẹjọ títí di oṣù Kejìlá ni ìrẹsì tuntun máa ń jáde. Ìgbà yẹn ló máa ń rọ̀ díẹ̀, ìgbà yẹn náà sì ni àgbẹ̀ ń wá owó.

Ẹ para pọ̀ rà á. Ilé márùn-ún ní àdúgbò kan, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́, tàbí ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí lè dáwó jọ, kí wọ́n rán èèyàn méjì lọ sí oko tàbí ilé ẹ̀rọ. Owó ọkọ̀ kan náà lẹ máa pín. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Tí ẹ bá fẹ́ san àsansílẹ̀, ẹ má san gbogbo rẹ̀ tán, ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀: kílò mélòó, ọjọ́ wo, ṣé wọ́n á ti ṣa òkúta rẹ̀.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ń tà: Ibo ni wọ́n ti gbìn ín? Ìgbà wo ni wọ́n bó o? Ṣé ó ti kọjá nínú ẹ̀rọ òkúta? Kì í ṣe gbogbo ìrẹsì pupa tó kúrú ni Ọ̀fàdà. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìbéèrè yìí lójoojúmọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún òun náà. Tí oníbàárà bá sì múra tán láti fi díẹ̀ lé e fún èyí tí kò ní òkúta, àgbẹ̀ á rí ìdí tó fi yẹ kóun ra tàpólì.

Ẹ má kó o pa mọ́ jù. Awọ tó kù lára rẹ̀ ní òróró nínú, ó sì lè mú kó yára wọ òórùn burúkú ju ìrẹsì funfun lọ. Ibi gbígbẹ tí atẹ́gùn kì í wọ̀ ni kẹ́ ẹ fi í sí, kí ẹ sì gbé e kúrò nílẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ohun tí kò jẹ́

Ọ̀fàdà kì í ṣe oògùn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ṣì gbọ́dọ̀ wọn iye tó máa jẹ, nítorí ìrẹsì ni, ó sì máa ń di ṣúgà nínú ara. Bákan náà, ìyá tó ní ọmọ mẹ́rin tí owó rẹ̀ kò ju kóńgò kan lọ kò ṣẹ̀ tó bá ra èyí tó dínwó. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀tá àgbẹ̀.

Kì í sì í ṣe ìrẹsì nìkan ni oúnjẹ ìtòsí. Gààrí, èlùbọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàdo, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kò la òkun kọjá. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ìrẹsì fi jẹ́ oúnjẹ ọdún fún ọ̀pọ̀ ilé. Ilé tó bá fi Ọ̀fàdà, ọbẹ̀ ata àti irú rọ́pò ìrẹsì òkèèrè lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó sì fi àmàlà rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ti gbé owó ọjọ́ méjì pa dà sí oko tí kò jìnnà.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, àgbẹ̀ ìrẹsì á dúró sórí ilẹ̀ rẹ̀, á ṣírò iye tó máa gbìn lọ́dún yìí. Iye tó rí tà lọ́dún tó kọjá, àti iye tó tà á, ló máa fi ṣe ìṣirò náà. Ohun tí àwọn ará ìlú rà lọ́jà nígbà ìkórè ló ti wà nínú rẹ̀.