Kenneth Méjì, Àga Kan

Ọmọ Soclogbo, ní ilẹ̀ Ìdáàṣà ní Benin, tó bá yege nínú ìdánwò BAC, yunifásítì Abomey-Calavi tàbí ti Parakou ló sábà máa ń forí lé. Rẹ́kítọ̀ là ń pe olórí yunifásítì lọ́dọ̀ wa. Ní yunifásítì Ìbàdàn, ní Nàìjíríà, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Pírínsípà ni wọ́n ń pè é. Nínú àwọn tó jókòó lórí àga yẹn, méjì ni mo fẹ́ gbé sórí òṣùwọ̀n: Kenneth Mellanby àti Kenneth Dike.

Onímọ̀ kòkòrò ni Mellanby. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó kó àwọn ọkùnrin tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n jagun jọ sílé kan ní Sheffield. Wọ́n fínnúfíndọ̀ gbà láti máa fi kúbùsù tí àwọn ṣọ́jà eléèkúrú ti lò bora, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá èkúrú yóò ràn wọ́n. (Èmi ò jẹ́ gbà!) Ibẹ̀ ló ti hàn pé ara tó fara kan ara ló ń ran èkúrú jù, kì í ṣe aṣọ. Sùúrù tó fi ṣe ìwádìí yẹn náà ló gbé wá sí Ìbàdàn ní 1947. Ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú ilé ìwòsàn àwọn ológun àtijọ́, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Nígbà tó fi máa lọ ní 1953, ilé ẹ̀kọ́ ti dúró. Àmọ́ oyè Yunifásítì London ni wọ́n ń gbà níbẹ̀.

Ìtàn ni iṣẹ́ Dike, ọmọ Awka. Kó tó gorí àga ní 1960, ó ti ń ti ọ́fíìsì ìjọba kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wá ìwé àtijọ́ kí wọ́n má baà ṣègbé. Ohun tó kó jọ ló di ilé àkójọ ìwé ìtàn Nàìjíríà. Lójú rẹ̀ ni Ìbàdàn kúrò lábẹ́ London ní 1962. Rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1966 ló lé e kúrò.

Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn ní Mellanby Hall, wọ́n ń kàwé ní Kenneth Dike Library. Ará Ìbàdàn lè ní ẹni tó kọ́lé ló jù. Ojú Soclogbo lèmi fi ń wò ó. Ẹnu àgbà ni ìtàn bí àwọn Ọmọjagun, ìdílé ọba wa, ṣe dé òkè Ìdáàṣà wà, Dike sì wà lára àwọn tó jà fún un pé ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà tó ẹ̀rí lọ́dọ̀ òpìtàn. Tirẹ̀ ló wúwo jù lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tí bàbá yín àgbà ṣì wà láyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù yín gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.