Ẹmu Kì í Dúró De Èrò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé ìtura alájà púpọ̀ sí ilẹ̀ yìí ni Yorùbá ti mọ̀ pé ara kì í ṣe òkúta, àti pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí ibi na ẹ̀yìn sí. Ọmọ Ayépé tí ó ti wàhálà Èkó bọ̀, tí ó sì gúnlẹ̀ sí ìlú rẹ̀ ní agbègbè Ọ̀dọ̀gbolú, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bí wọ́n ti ń sinmi. Ohun tí yóò béèrè ni pé, ta ni ó ń rin ewùrà lónìí? Ṣé adẹ́mu ti sọ̀ kalẹ̀?

Ìbéèrè méjèèjì yìí ni ó yẹ kí àwọn tí ń dá ilé ìgbafẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gbé yẹ̀ wò dáadáa. Èrò kò wọ́n wọn. Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìjẹ̀bú ni ó máa ń wá láti Èkó, láti Ìlú Ọba àti láti Amẹ́ríkà, wá sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àṣà náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn Mùsùlùmí ìlú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìdúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tí ó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn, kí ó tó di ọdún gbogbo ìlú. Ní ayé Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó gorí ìtẹ́ ní 1960 tí ó sì wàjà ní 2025, ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tún gbèrú, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń wọ aṣọ tirẹ̀ wá kí ọba.

Ṣùgbọ́n bí ayẹyẹ bá ti parí, tí àlejò bá wọ ilé ìtura rẹ̀, kí ni wọ́n máa ń gbé síwájú rẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìrẹsì díndín ni, pẹ̀lú adìyẹ inú yìnyín àti wáìnì tí ó ti Faransé tàbí Gúúsù Áfíríkà wá. Kò sí ohun tí ó burú nínú wọn. Síbẹ̀, ẹni tí ó sùn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ó jẹ ohun tí ó ń jẹ ní Èkó, tí ó sì mu ohun tí ó ń mu ní Èkó, ǹjẹ́ a lè sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò nílé?

Ìjẹ̀bú kò ṣe aláìní oúnjẹ tí a lè fi ṣe àlejò. Ìkókoré ni olórí wọn. Ewùrà ni wọ́n máa ń bó, tí wọ́n á rin lórí páànù tí wọ́n ti fi ìṣó dá lu, tí wọ́n á sì máa fi ọwọ́ bù ú ní ṣíṣù-ṣíṣù sínú omi ata àti epo tí ó ń hó, tí ẹja gbígbẹ, pọ̀nmọ́ àti edé ti wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí ń sè é kò gbọdọ̀ yára ro ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣíṣù á fọ́, á sì di àsáró tí kò ní orúkọ. Èbìrìpò tún wà, èyí tí wọ́n ń fi kókò tí a rin ṣe, tí wọ́n ń pọ́n sínú ewé kí wọ́n tó sè é. Ti gàrí Ìjẹ̀bú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹlẹ́rìí. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń jẹ́ kí gbágùúdá rírin náà kan kí wọ́n tó yan án. Ìkan náà ni ó fún un ní adùn tí omi tútù àti ẹ̀pà ń gbé jáde lọ́sàn-án gangan.

Oúnjẹ wọ̀nyí ṣeé gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn. Gàrí Ìjẹ̀bú ti dé Lọ́ńdọ̀nù tipẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣeé gbé lọ: ẹmu.

Bí adẹ́mu bá fi igbà gun ọ̀pẹ, tí ó gé ọrùn òdòdó akọ, tí ó so akèrègbè mọ́ ọn, omi tí ń kán sínú rẹ̀ dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ ti bọ́. Láàárín wákàtí méjì, ọtí inú rẹ̀ lè tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti ń kan. Bí ó bá pẹ́ sí i, ó di ọtí kíkan tí a fi ń tọ́jú ọbẹ̀. Nítorí náà, ẹmu kì í dúró de èrò. Èrò ni ó ń wá ẹmu lọ. Ohun tí àwọn kan ń pè ní àbùkù ẹmu yìí gan-an ni ọlá rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú tí ó lè gbé ẹmu ìdájí Ayépé dé ibòmíràn kí ó tó yí padà.

Ìwà ọmọlúwàbí sì wà nídìí ẹmu. Ẹni tí ó gbé e wá ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo ènìyàn, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Wọ́n á ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti lọ. Ọmọdé ni í bu ẹmu, àgbà ni a sì ń kọ́kọ́ bù fún. Ẹmu kì í wọ́n níbi ìdána. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ọtí láàyè kò pàdánù ìjókòó náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ń lọ lábẹ́ igi ju ohun tí ó wà nínú igbá lọ.

Níbi tí ọ̀rọ̀ wá le sí ni pé adẹ́mu ń tán lọ. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìtàn nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, èyí tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ di eré orí ìtàgé *Ọ̀mùtí*. Baba ọmọ inú ìtàn náà fún un ní oko tí ó ní 560,000 igi ọ̀pẹ. Ọjọ́ tí adẹ́mu rẹ̀ já láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú ni ọ̀rẹ́ gbogbo fọ́nká, tí ọmùtí sì mú ọ̀nà ìlú àwọn òkú pọ̀n láti wá a lọ. Ọ̀pẹ kò tán lóko rẹ̀. Ènìyàn ni ó tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí lónìí. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìbá jogún igbà ti di ọlọ́kadà, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí pé iṣẹ́ eléwu tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni wọ́n sá fún. Àwọn tí ó kù ń rí àwọn alágàbàgebè tí ń bu omi àti ṣúgà mọ́ ẹmu, tí wọ́n sì ń ba ọjà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ti ògùrọ̀ tún léwu ju ti ọ̀pẹ lọ. Inú àkùrọ̀ ni igi rẹ̀ ń hù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, yóò sì kú. Ẹni tí ó dá ẹmu rẹ̀ ti gba ohun ìkẹyìn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá wá fi iyẹ̀pẹ̀ dí àkùrọ̀ láti kọ́lé, tí a kò sì gbin òmíràn, kí ni àwọn ọmọ yóò dá?

Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà nítòsí ìlú Bìní, NIFOR, tí ìpilẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1939, mọ bí a ti ń fi ooru pa ìwúkàrà, kí ẹmu lè pẹ́ nínú ìgò. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹmu inú ìgò kò lè rọ́pò èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí igi sọ̀.

Ní Ítálì, wọ́n rí ọgbọ́n mìíràn dá. Ní 1985, wọ́n ṣe òfin tí ó fún àgbẹ̀ láyè láti gba àlejò sí oko rẹ̀, kí ó máa fún wọn ní oúnjẹ àti wáìnì tí ó ti inú oko náà wá. Àlejò ń sinmi, àgbẹ̀ ń rí owó, oko kò sì di ìgbòrò. Kí ni ó lè dí Ayépé àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣe irú rẹ̀? Kí onílé ìgbafẹ́ san owó gidi fún adẹ́mu, kí ó ra igbà tí ó yi fún un, kí ó gba ìyá arúgbó tí ó mọ ìkókoré sè sí ilé ìdáná rẹ̀, kí ó sì gbin ògùrọ̀ sí àkùrọ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bí àlejò bá dé Ayépé ní ìdájí, tí kò rí igbà lára ọ̀pẹ kankan, bẹ́ẹ̀dì tí ó bá sùn lé lè rọ̀ bí òwú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọ́ ni ó wá.