Ìgbín Kékeré Inú Odò

Ìpogun jẹ́ ìlú kan tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Odò Apọnmu ń ṣàn níbẹ̀. Àwọn olùwádìí ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ìlú náà. Àtọ̀sí ajá ni a ń pe àìsàn yìí.

Ìgbín odò kékeré kan ni àwọn ènìyàn ń dá lẹ́bi. Bulinus ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ. Bí a bá gbé ìkarahun rẹ̀ dúró, tí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, tí ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí wa, ẹnu náà yóò wà ní apá òsì. Apá ọ̀tún ni ti ìgbín inú igbó tí a ń sè jẹ máa ń wà.

Ǹjẹ́ ìgbín yìí jẹ̀bi? Rárá o. Aràn ni ó ń fa àtọ̀sí ajá, àwa ènìyàn ni a sì ń gbé aràn náà fún ìgbín. Bí ẹni tí ó ní àìsàn náà bá tọ̀ sínú odò, ẹyin aràn yóò bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde. Ẹyin náà yóò di ọmọ aràn nínú omi, yóò sì máa wá ìgbín kiri. Bí kò bá tètè rí i, yóò kú. Bí ó bá rí i, yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Lẹ́yìn náà, àwọn aràn yóò jáde sínú omi, pàápàá ní ọ̀sán tí oòrùn mú. Àkókò yẹn gan-an ni àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti lúwẹ̀ẹ́. Ojú lásán kò lè rí aràn náà. Yóò gba awọ ara wọlé, yóò sì lọ máa gbé nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nítòsí àpò ìtọ̀. Ní ọdún 1915 ni Robert Leiper fi hàn ní ilẹ̀ Íjíbítì pé inú ìgbín odò ni aràn yìí ti ń pọ̀ sí i kí ó tó dé ara ènìyàn.

Oògùn àìsàn náà wà. Praziquantel ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tijú. Kí ó tètè sọ fún òbí tàbí olùkọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún padà sínú odò náà, àìsàn náà lè tún mú un.

Ẹ̀yin ọmọ, yálà Àkúrẹ́ ni ẹ ń gbé tàbí Oǹdó, ẹ má ṣe tọ̀ sínú odò tàbí sí etí rẹ̀. Bí a kò bá fún ìgbín ní aràn, kò ní rí nǹkan kan dá padà fún wa.

Ìbéèrè
1. Apá wo ni ẹnu ìkarahun ìgbín odò yìí máa ń wà?
2. Báwo ni aràn ṣe ń dé inú ìgbín?
3. Kí ni ó yẹ kí ọmọ tí ó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ ṣe?