Ta Ni Yóò Dúró De Ta? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwòrán Géèmù àti Ojú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ eré ọmọdé lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n owó ńlá ni ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó wà ní yunifásítì tọ́jú owó fún oṣù mélòó kan, ó fi ra káàdì tí ń yàwòrán sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí géèmù tí ó fẹ́ràn lè máa yá. Káàdì dé, géèmù yá, ṣùgbọ́n àwòrán ń fà ya lójú rẹ̀. Bí ó bá yíjú sí apá ọ̀tún kíákíá, ìsàlẹ̀ ògiri yóò ti rìn lọ, òkè rẹ̀ yóò sì wà lẹ́yìn. Ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Káàdì náà kò ní àbùkù kankan. Àárín òun àti ojú kọ̀ǹpútà ni èdèàiyedè wà.

Òṣìṣẹ́ méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Káàdì ń ya àwòrán. Ojú kọ̀ǹpútà ń gbé e hàn. Ojú kọ̀ǹpútà ní àkókò tí kì í yẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ a máa pààrọ̀ àwòrán ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Níbo ni àkókò tí kì í yẹ̀ yìí ti wá? Ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àtijọ́ ni, èyí tí ó ní ìdí gọngọ lẹ́yìn. Ìtànṣán kan ni ó ń ya àwòrán nínú rẹ̀, ní ìlà-ìlà, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá ti dé ìsàlẹ̀ tán, a ó pa á ní ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀, yóò sì gun òkè padà láti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà 50 ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìgbà 60. Bí iná mànàmáná ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń lù ni wọ́n fi ṣe ìlànà rẹ̀. Lóòótọ́, kò sí ìtànṣán bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ojú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ òde òní, ṣùgbọ́n ìlànà àkókò náà kò bá a lọ.

Èyí kò pa sinimá lára, nítorí pé àkókò tí ó dọ́gba ni wọ́n fi ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀. Ti géèmù yàtọ̀. Bí ọmọ bá ti ń ta á ni káàdì ń ya á. Pápá tí ó ṣófo kò gba àkókò. Ọjà tí èrò kún, tí èéfín ń rú níbẹ̀, a máa gba àkókò gan-an. Nítorí náà, káàdì kò lè ṣèlérí ìgbà tí àwòrán yóò parí.

Bí a kò bá wá nǹkan ṣe sí i, káàdì yóò gbé àwòrán tuntun jáde nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà ṣì wà láàárín èyí tí ó ń gbé hàn. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń da iṣẹ́ ojú pátákó kọ, tí ẹ pa á rẹ́ tí ẹ sì kọ òmíràn kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Òkè ìwé rẹ̀ yóò jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ ti èkejì. Ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí gan-an nìyẹn.

Oògùn àtijọ́ fún un ni V-Sync. (Sync yìí, láti inú èdè Gíríìkì ni, èmi ì bá pè é ní àjọrìn, ṣùgbọ́n orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó bá lójú páálí.) V yẹn dúró fún ìrìn láti òkè dé ìsàlẹ̀ tí a ṣàlàyé. V-Sync pàṣẹ fún káàdì pé kò gbọdọ̀ gbé àwòrán tuntun jáde àfi ní ìdákẹ́jẹ́ tí ó wà láàárín àwòrán méjì. Fífà ya dópin, ṣùgbọ́n káàdì ni ó wá ń dúró.

Ẹ wò ó bí ọkọ̀ ojú irin tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ọkọ̀ kan ń lọ ní ìpín 16.7, èkejì ní ìpín 33.3. Bí àwòrán kan bá gba ìpín 20, ó ti pàdánù ọkọ̀ kìíní pẹ̀lú ìpín tí kò tó mẹ́rin, yóò sì jókòó de èkejì. Bí gbogbo àwòrán bá rí bẹ́ẹ̀, káàdì tí ó lágbára láti ya 50 yóò máa rí 30 péré gbé jáde. Ọ̀nà wà láti fi àyè ìpamọ́ kẹta dín ìfòsókè-fòsílẹ̀ yìí kù, ṣùgbọ́n kò mú un kúrò pátápátá. Ohun tí ó sì ń dun àwọn tí ń ta géèmù ìdíje jù ni pé àwòrán tí ó jókòó ti gbó díẹ̀ kí ojú tó rí i: ọwọ́ ti tẹ bọ́tìnnì, ìbọn kò tíì dún.

Ọgbọ́n tuntun yí ìbéèrè náà padà. Kí ni ó dé tí ojú kọ̀ǹpútà kò fi lè dúró de káàdì? Ó wá dàbí ọkọ̀ gáréèjì tí kì í gbéra àfi bí èrò bá jókòó. Àwòrán tí ó gba ìpín 20 yóò jáde ní ìpín 20, èyí tí ó gba 13 yóò jáde ní 13. Àwòrán kò fà ya, kò sì jókòó láìnídìí.

Ní ọdún 2013 ni ilé-iṣẹ́ NVIDIA fi G-Sync hàn, ṣùgbọ́n ó béèrè pátákó pàtàkì kan nínú ojú kọ̀ǹpútà, èyí sì mú kí ó wọ́n. Ní 2014, ẹgbẹ́ VESA fi irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kún ti DisplayPort lábẹ́ orúkọ Adaptive-Sync, orí rẹ̀ ni AMD sì gbé FreeSync kà. Ní 2019, NVIDIA náà gbà kí káàdì rẹ̀ máa bá irú ojú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. PlayStation 5 bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú rẹ̀ ní 2022.

Ṣùgbọ́n sùúrù ọkọ̀ gáréèjì ní ìwọ̀n. Lójú páálí ni ẹ ó ti rí i: bí wọ́n bá kọ 48 sí 144, ààrin méjèèjì ni àjọrìn yìí wà. Bí káàdì bá yára ju 144 lọ, a tún padà sí V-Sync tàbí sí fífà ya. Bí ó bá lọ́ra ju 48 lọ, àwọn kan a máa gbé àwòrán kan náà hàn lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè bọ́ sí ààrin. Ojú kọ̀ǹpútà mìíràn sì ń ṣẹ́jú díẹ̀ níbi tí ó ṣókùnkùn nígbà tí ìyára bá ń yí padà. Ní pàtàkì jù lọ, kò sọ káàdì tí kò lágbára di alágbára.

Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tan V-Sync ná, nítorí ojú kọ̀ǹpútà tí ó ń lò kò mọ̀ ju 60 lọ. Ògiri rẹ̀ so pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó pè mí pé, "Bùọ̀dá, ó ń lọ́ sí ọwọ́ mi o." Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó, ní tòótọ́, ojú kọ̀ǹpútà ni ì bá kọ́kọ́ rà.