Ẹ̀yin èèyàn wa l'Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ ra ìbọn ìléwọ́, ṣé tuntun ni àbí àlòkù?

Ọ̀rọ̀ tá a gbé dé lọ́sẹ̀ yìí lè kọ́kọ́ ya yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Mélòó nínú wa ni ò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan l'Amẹ́ríkà lónìí? Tí wọ́n bá fóònù sílé, tí wọ́n bèèrè àlàáfíà màmá tán, tí wọ́n sọ̀rọ̀ owó ilé tán, ẹ ẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn mìíràn pé, "Mo fẹ́ẹ́ ra ìbọn kan sílé o." Lọ́dọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún, òfin gba ọ̀pọ̀ wọn láyè. Ṣùgbọ́n kéèyàn láṣẹ àtira nǹkan yàtọ̀ sí kó mọ̀ ọ́n rà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ṣe iléèwé, Houston ló ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ló ní níbẹ̀, alẹ́ ló sì máa ń tì í. Nígbà táwọn olè já ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, ó ní òun náà máa wá nǹkan sọ́wọ́. Kò fẹ́ olówó gọbọi, kò sì fẹ́ jákujàku. Níbi tí wọ́n ti ń ta ìbọn, méjì ni wọ́n kó síwájú ẹ̀: Glock 19 tuntun, tí owó ẹ̀ lé ní 500 dọ́là, àti Glock 22 àlòkù táwọn ọlọ́pàá ti lò, tí kò tó 400 dọ́là. Lójú ẹsẹ̀ ló ti fẹ́ẹ́ sanwó àlòkù yẹn. Ìyàwó ẹ̀ tó bá a lọ ló fà á láṣọ pé, "Dádì wọn, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó jẹ́ kówó ẹ̀ wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná."

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ìbọn ọ̀hún ò bàjẹ́ o. Ọta .40 ló ń lò, ọta yìí sì làwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2016, FBI ra ìbọn tuntun, wọ́n padà sórí ọta 9mm, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá náà sì ṣe bíi tiwọn. Wọ́n kó èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ fáwọn oníṣòwò, ìyẹn ló ṣe pọ̀ lọ́jà. Ìbọn ọlọ́pàá kì í sì í burú: inú àpò ìgbànú ló máa ń wà jù, ara ẹ̀ lè ti bó, àmọ́ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yìn ín.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ọta .40 wọ́n ju 9mm lọ, ìbọn ẹ̀ sì máa ń ta padà lọ́wọ́ ẹni jù ú lọ. Ẹni tó ra ìbọn lówó pọ́ọ́kú, tí kò wá lówó ọta tó máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín, kí ló rà? Ẹrù lásán ni.

Tó bá wá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́, ohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò rèé. Ẹ kọ́kọ́ yọ ilé ọta tó wà nínú èèkù, kẹ́ ẹ fa irin òkè ẹ̀ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì fojú ara yín wo inú ẹ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìbọn yìí, bó ṣe ń yìn ọ̀kan ló ń ti èèpo ọta yẹn dànù, tó sì ń ki òmíràn fúnra ẹ̀. Nítorí náà, téèyàn bá yọ ilé ọta, ọ̀kan ṣì lè wà lẹ́nu ẹ̀. Ọ̀kan yẹn ló ń pààyàn tí wọ́n á ní "a rò pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀ ni." Lẹ́yìn náà, ẹ tan iná sínú ọ̀pá ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó dípẹtà tàbí ó wú níbì kan. Tí sípíríǹgì bá ti rọ̀, ìyẹn ò lé èèyàn sá, owó ẹ̀ ò pọ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà ara ẹ̀ kúrò, ẹ fi í sílẹ̀ kíá, ẹ̀wọ̀n lẹ fẹ́ẹ́ fowó rà yẹn.

Ẹ wá dì í mú. Ṣé ìka yín dé ibi tí wọ́n ń fà láìnà tàntàn? Ọwọ́ ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kéré, kò dé ti Glock 22 yẹn dáadáa. Ohun tí wọ́n padà rà ni M&P ti Smith & Wesson, àlòkù ọlọ́pàá tó ń lo 9mm, tí ẹ̀yìn èèkù ẹ̀ ṣeé pààrọ̀ bí ọwọ́ oníkálukú bá ṣe tóbi tó. Owó tó ṣẹ́ kù, wọ́n fi ra ọta ìdánrawò àti àpótí irin oníkọ́kọ́rọ́. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ irú ìbọn yìí ni kò ní ohun tí wọ́n ń fọwọ́ tì kó má dún, ìka tó bá ti fà á, ó dún náà nìyẹn. Àwọn bàbá wa ọdẹ pàápàá, wọn kì í gbé ṣakabùlà síbi tọ́wọ́ ọmọdé ti lè tó o.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù. Ibi tá a bá ń gbé là á ṣe. Ní Texas, ìwé 4473 ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ kọ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì yẹ orúkọ yín wò lọ́dọ̀ FBI. Ní Maryland, ẹ máa kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fi lélẹ̀ lọ́dún 2013. Ní Illinois, káàdì FOID ni. Ní New York àti New Jersey, ilé ọta tó ń gbà ju 10 lọ jẹ́ èèwọ̀, bẹ́ẹ̀ 15 ni ti Glock 19 ń gbà.

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi tó fi físà wá kí i ní Houston rí ìbọn náà, ló bá ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi ra ọ̀kan sórúkọ yín." Ha! Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní green card lè rà á, àmọ́ òfin ò gba ẹni tó fi físà ìbẹ̀wò wọlé láyè, àfi àwọn péréte bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ ṣíṣe. Ẹni tó bá sì parọ́ rà á fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀, òfin ọdún 2022 lè fi í sẹ́wọ̀n ọdún 15.

Ẹni tó bá ní òun máa gbé e wálé ńkọ́? Níbí, òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èèwọ̀, Ààrẹ nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló kéré jù.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí àbúrò òun gbà á ní mọ́ra, òun ò ní i rà á. Wọ́n jọ jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn ṣá. Tuntun ni o, àlòkù ni o, èyí tó bá ọwọ́ yín mu, tápò yín gbé ọta ẹ̀, tó sì jẹ́ orúkọ yín gan-an ló wà níwèé ẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ rà.