Kíkó Ẹṣin Níjàánu, Kíkó Ara Ẹni Níjàánu

Tí a bá dárúkọ ẹṣin, Ọ̀yọ́ àtijọ́ tàbí Ọjúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìlú ẹṣin ni Dublin náà. Ọdún 1864 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe Dublin Horse Show. Ní 1881, wọ́n gbé e lọ sí Ballsbridge, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ẹlẹ́ṣin níbẹ̀ ń pè ní clinic. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kọ́ o! Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan tàbí méjì ni, tí ẹlẹ́ṣin máa ń mú ẹṣin tirẹ̀ wá bá olùkọ́. Ti ìpele àárín wà fún ẹni tó ti mọ ẹṣin gùn, àmọ́ tí ẹṣin rẹ̀ kò tíì máa gbọ́ tirẹ̀ dáadáa.

Kí wọ́n tó kúrò nílé, pásípọ́ọ̀tù ńkọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín: ní Ireland àti ní gbogbo ilẹ̀ European Union, òfin ní kí ẹṣin ní pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀. Ẹlẹ́ṣin náà á dé akoto.

Orí ilẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí gàárì. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà. Ó ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀, àmọ́ kì í rí ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá yọ sí i látẹ̀yìn lè jẹ ìpá. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ fi okùn fà á kiri, kí òun àti olówó rẹ̀ lè gbọ́ ara wọn yé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gùn ún. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ níhà díẹ̀. Bó bá ti gbéra báyìí, ẹ dẹwọ́ kíá. Ìdẹwọ́ yẹn gan-an ló ń sọ fún un pé ohun tó ṣe dára. Ẹni tó ń fa ìjánu láìdẹwọ́, ẹnu ẹṣin rẹ̀ á yi. Kò ní gbọ́ ti ìjánu mọ́. Ẹṣin bẹ́ẹ̀ lè pa ẹni tó gùn ún. Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi máa ń bá ẹlẹ́ṣin wí ju ẹṣin lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ wá wo ọ̀rọ̀ yìí: ìkóra-ẹni-níjàánu. Ìjánu ni irin tí à ń fi sí ẹṣin lẹ́nu. Bí ẹnì kan bá ń bínú, a ó ní, "Jọ̀ọ́, kó ara rẹ níjàánu." Ṣé ẹ rí i? Nínú gbólóhùn yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹlẹ́ṣin, òun náà ni ẹṣin. Ohun tí olùkọ́ ẹṣin ní Dublin ń fi odindi ọjọ́ kọ́ni, èdè wa ti kó o sínú ọ̀rọ̀ kan.

Àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá dáni, a tún un gùn ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí á tó tún un gùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó bà á lẹ́rù.